Ìtàn Ìgbésí Ayé Màmá Sàúdátù Àjọkẹ́ Ògúnkànmí, Olùkọ́ Ìṣirò Tí Kò Jẹ́ Kí Ọmọ Kúnlẹ̀ Bẹ̀bẹ̀ Fún Òtítọ́

Ifọ̀ ni wọ́n bí Màmá wa sí, ní ọjọ́ kejìlá oṣù kẹrin ọdún 1960, nínú yàrá òṣìṣẹ́ tó wà lẹ́yìn ibùdókọ̀ ojú irin. Bàbá wọn ni Olóògbé Ṣàràfá Àkànmú, òṣìṣẹ́ rélùwéè tó ń tún ojú irin ṣe láti Ifọ̀ dé Àgbàdó. Ìyá wọn ni Olóògbé Ọ̀ṣunníkẹ́, ọmọ Ìkìrun, tó tẹ̀lé ọkọ rẹ̀ wá sí ilẹ̀ Ẹ̀gbá tí kò sì padà sílé mọ́. Ọmọ kejì ni Màmá nínú ọmọ mẹ́ta.

Ẹ̀yin èèyàn wa tí ẹ wá bá wa ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, ẹ kú àbáṣe, Ọlọ́hun kò ní fi irú rẹ̀ san án fún yín. Àwa ẹbí la kọ ìtàn yìí, ìbínú la sì fi kọ ọ́. Bí ẹnikẹ́ni bá rò pé ibi àdúrà kì í ṣe ibi ìbínú, a jẹ́ pé ẹni náà kò mọ Màmá. Orí ibùsùn àìsàn ni wọ́n wà tí ẹnu wọn ṣì ń mú ju abẹ lọ.

Ní ọdún 1966, Màmá bẹ̀rẹ̀ ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Ifọ̀ níbẹ̀. Ẹ̀gbọ́n wọn, Mùsáfírù, ti wà níwájú wọn. Láyé ìgbà náà, kí ilẹ̀ tó mọ́ tán ni olùkọ́ ti ń fi pàṣán tọ́ orí ọmọ kọ̀ọ̀kan, á ní kó dáhùn ìṣirò láìfi ìka kà á. Bí ọmọ bá gbà á, wọ́n á pàtẹ́wọ́ fún un. Bí kò bá gbà á, á na ọwọ́. Mùsáfírù mọ ìsọdipúpọ̀ rẹ̀ nílé. Ó lè ka ti méje láti òkè dé ìsàlẹ̀, kó tún kà á padà sókè. Ṣùgbọ́n bó bá ti rí pàṣán, gbogbo rẹ̀ á fò lọ. Ní àárọ̀ ọjọ́ kan ní ọdún 1968, wọ́n bi í pé méje lọ́nà mẹ́jọ jẹ́ mélòó. Ó na ọwọ́ òsì rẹ̀ síwájú. Wọ́n nà án títí èékánná àtàǹpàkò rẹ̀ fi là sí méjì. Ó rọra gbé síléètì rẹ̀ sílẹ̀, ó gba ẹnu ọ̀nà jáde, kò sì wọ kíláàsì kankan mọ́ láyé rẹ̀.

Mùsáfírù náà, tí gbogbo wa ń pè ní Bàbá Mùsáfírù báyìí, ló jókòó sí iwájú yín lónìí yẹn, nínú agbádá funfun. Wọ́n ti ń sún mọ́ àádọ́rin ọdún. Ẹ bi wọ́n ní méje lọ́nà mẹ́jọ báyìí, ẹ ó rí i bí wọ́n ṣe máa ki ọwọ́ òsì bọ abíyá. Ẹni tó nà wọ́n ńkọ́? Wọ́n fún un ní ẹ̀bùn olùkọ́ tó múná jù lọ nígbà tó fẹ̀yìn tì. Ó múná lóòótọ́. Iná ló dá sórí àwọn ọmọ.

Ọmọ ọdún mẹ́jọ ni Màmá nígbà náà. Bàbá wọn bi wọ́n pé iṣẹ́ kí ni wọ́n fẹ́ ṣe bí wọ́n bá dàgbà. Wọ́n ní, "Tíṣà ìṣirò ni."

Bàbá ní, "Kí ìwọ náà lè máa na ọmọ ọlọ́mọ?"

Wọ́n ní, "Rárá o. Kí n lè gba pàṣán ọwọ́ wọn ni."

Màmá jáde ilé ẹ̀kọ́ girama ní ọdún 1978, wọ́n kọ́ iṣẹ́ olùkọ́ni ní Abẹ́òkúta, ìjọba sì gbà wọ́n síṣẹ́ ní ọdún 1982. Ní ọdún 1985, wọ́n fẹ́ Olóògbé Sámúẹ́lì Ògúnkànmí, ọmọ Ìkirè, tó ń tún fíríìjì ṣe ní Ifọ̀. Mùsùlùmí fẹ́ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ènìyàn sọ ọ́ títí ẹnu fi ro wọ́n. Nígbà tí wọ́n kọ́lé sí Mówè ní ọdún 1999, Bàbá á lọ sí ìsọjí ní Kánńpù, Màmá á tẹ́ ẹní ìkírun sí yàrá, wọ́n á jọ jẹ oúnjẹ alẹ́. A kò gbọ́ kí wọ́n jà lórí ẹ̀sìn rí. Ohun tí wọ́n ń jà lé lórí ni pé Bàbá kì í fẹ́ gbà pé òun ṣi ìṣirò wáyà iná. Bàbá lọ sinmi ní ọdún 2014.

Ẹ jẹ́ ká wá sọ bí Màmá ṣe ń kọ́ni, torí ohun tó gba ayé wọn nìyẹn, òun náà ló dá ìjà sílẹ̀. Ní ọdún àkọ́kọ́ tí wọ́n dúró níwájú bọ́ọ̀dù, wọ́n ṣe bí gbogbo olùkọ́ ṣe ń ṣe. Wọ́n á ṣàlàyé, wọ́n á bi kíláàsì pé, "Ṣé ó yé yín?" Kíláàsì á sì ké bí ẹni dárin: "Ó yé wa, mà!" Ìdánwò dé, ó kù díẹ̀ kí gbogbo wọn gba òdo. Màmá pe ọmọbìnrin kan jáde, wọ́n ní, "Kí ló dé tí o fi sọ pé ó yé ọ?"

Ọmọ náà kúnlẹ̀, ó ní, "Ẹ̀yin lẹ bi wá, mà. Ṣé ká wá sọ lójú yín pé ẹ ò kọ́ ọ dáadáa ni?"

Màmá sọ fún wa pé orí àwọn fọ́ lọ́jọ́ náà. Ọmọ yẹn kì í ṣe òpè. Ọmọ tí wọ́n kọ́ ní ilé ire ni. Láti kékeré la ti ń kọ́ wọn pé àgbà kì í sọ̀rọ̀ kó má yé ọmọdé. Ẹ̀kọ́ rere ni bó bá jẹ́ ọ̀rọ̀ ìkíni. Tó bá di ọ̀rọ̀ ìṣirò, ìpànìyàn ni! Ọmọ á dákẹ́ lórí ohun tí kò yé e ní kíláàsì kìíní, á gbé e dé kìíní girama, á gbé e dé ìparí. A óò wá sọ pé olórí kíkú ni.

Láti ọjọ́ náà ni Màmá kò ti bi kíláàsì kankan pé "Ṣé ó yé yín?" mọ́. "Níbo ló ti rú yín lójú?" ni wọ́n ń bi wọ́n, ẹni tí kò bá rí ibì kankan sọ ni wọ́n á dá dúró. Wọ́n tún bẹ̀rẹ̀ ohun kan tí àwọn ẹlẹgbẹ́ wọn kà sí wèrè. Wọ́n á mọ̀ọ́mọ̀ ṣi ìṣirò sí ojú bọ́ọ̀dù, wọn kò ní sọ ọjọ́ tí wọ́n máa ṣe é, ọmọ tó bá kọ́kọ́ rí i gbọ́dọ̀ dìde kó wí pé, "Màmá, ẹ ṣì í níbí." Àwọn olùkọ́ tó kù pariwo: "Ṣé ẹ fẹ́ kí àwọn ọmọ yìí máa rí wa fín ni?" Màmá ní, "Ọmọ mi á kúnlẹ̀ kí mi láàárọ̀, á dìde, á sọ fún mi pé mo ṣì í. Èwo ló pa èkejì lára níbẹ̀? Ẹni tí ìṣirò bá ń rí fín, kó lọ kọ́ ọ sí i."

Ọdún márùndínlógójì ni Màmá fi ṣe iṣẹ́ ìjọba, láti Ifọ̀ dé Òkè-Aro dé Ìbafò. Wọ́n gba oyè fásitì nínú ìṣirò láàárín rẹ̀, wọ́n tún ń kọ́ àwọn ìyá tó wà ní àsàlátù wọn bí wọ́n ṣe máa pín ogún tí wọn kò ní máa fi ojú díwọ̀n rẹ̀. Wọ́n fẹ̀yìn tì ní ọdún 2017. Ohun tó bí wọn nínú jù ni pé wọ́n fi ohun gbogbo sílẹ̀ bó ṣe wà. Pàṣán ṣì wà níbẹ̀. Àkọ́sórí ṣì wà níbẹ̀: ọmọ á ka ọ̀nà ìṣirò bí ẹni ka ewì, kò mọ ohun tó ń kà. Ọjọ́ ìdánwò tó bá dé, àwọn kan á kọ ìdáhùn sí ojú bọ́ọ̀dù, òbí á sanwó rẹ̀, a óò wá máa yọ̀ mọ́ ọmọ tó gba A nínú ìṣirò, tí kò lè pín búrẹ́dì fún èèyàn mẹ́ta kó má dá ìjà sílẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ ọ́n. Àwa tí a jókòó sábẹ́ tápólì yìí pẹ̀lú, ẹ má wo ilẹ̀.

Ní ọdún 2018, ilé ẹ̀kọ́ aládàáni kan ní Mówè bẹ Màmá pé kí wọ́n wá. A kò ní dárúkọ ilé ẹ̀kọ́ náà, torí pé a kò fẹ́ fi ìwé òkú polówó ọjà fún un. Ọkùnrin tó ni ín, Dádì ni gbogbo ọmọ ń pè é. A mọ̀ pé ó dàgbà ju púpọ̀ nínú wa lọ. Ẹ má bínú pé a kò pè é ní "wọ́n" nínú ìwé yìí. Ọjọ́ tó bá ṣe àtúnṣe, a ó pè é ní "wọ́n," a ó tún kúnlẹ̀ sí i.

Oṣù kejì ọdún 2023 ni ọ̀rọ̀ náà ṣẹlẹ̀, lọ́jọ́ tí àwọn òbí wá wo iṣẹ́ ọmọ wọn. Dádì gba ṣọ́ọ̀kì lọ́wọ́ Màmá níwájú kíláàsì kẹta girama, ó ní òun fẹ́ fi bí wọ́n ṣe ń ṣe ìṣirò kíákíá han àwọn òbí. Ó ní ọkọ̀ kan kúrò ní Mówè lọ sí Ṣágámù, ká ní ọgbọ̀n kìlómítà ni. Nígbà tó ń lọ, ọ̀nà dá, ó sáré ọgọ́ta kìlómítà ní wákàtí kan. Nígbà tó ń bọ̀, wọ́n ti ń tún ọ̀nà ṣe, ogún kìlómítà péré ló ń rìn ní wákàtí kan. Ká pa àlọ àti àbọ̀ pọ̀, kí ni ìwọ̀n eré rẹ̀? Dádì ro ọgọ́ta mọ́ ogún, ó pín in sí méjì, ó kọ ogójì gàdàgbà, ó fi ìlà méjì sí ìdí rẹ̀. Ó yíjú padà, ó ní, "Ṣé ó yé yín?"

"Ó yé wa, Dádì!"

Ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Ìbùkún nawọ́. Ọmọ ọdún mẹ́tàlá ni, ìyá rẹ̀, Ṣọlá, ń ṣe irun ní Ìbafò. Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀, ó dìde, ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ sà, ó rú mi lójú."

Àwọn òbí rẹ́rìn-ín. Dádì náà rẹ́rìn-ín. "Níbo ló ti rú ẹ lójú, ọmọ mi?"

"Àlọ gba ààbọ̀ wákàtí, sà. Àbọ̀ gba wákàtí kan ààbọ̀. Wákàtí méjì nìyẹn, fún ọgọ́ta kìlómítà. Ọgbọ̀n ni, sà, kì í ṣe ogójì. Ó pẹ́ lọ́nà nígbà tó ń bọ̀ ju ìgbà tó ń lọ, ẹ ò lè kà wọ́n sí ọgbọọgba."

Bàbá kan tó ń wakọ̀ lójú ọ̀nà náà kígbe láti ẹ̀yìn: "Ọmọ yìí ò purọ́ o! Ojú ọ̀nà yẹn mà nìyẹn!" Gbogbo èèyàn bú sẹ́rìn-ín. Ibẹ̀ ni ojú Dádì ti yí padà. Bí ẹ̀rín yẹn kò bá wáyé, bóyá ì bá gbà. Ó ní, "Ta ló kọ́ ẹ ní irú àfojúdi báyìí?"

Màmá dáhùn láti ẹ̀gbẹ́ ògiri: "Èmi ni."

Ní ọjọ́ Ajé, Dádì pàṣẹ pé Ìbùkún gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ níwájú gbogbo ilé ẹ̀kọ́, kó sì sọ pé òun ṣàṣìṣe. Bí bẹ́ẹ̀ kọ́, kó máa lọ. Àwọn àgbà àdúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ́ wá sí ilé Màmá. "Ẹ ní kó bẹ̀ wọ́n. Ìkúnlẹ̀ ò bó eékún. Àgbà kì í jẹ̀bi lójú ọmọdé." Ṣọlá fúnra rẹ̀ wá, ẹkún ń bọ́ lójú rẹ̀: "Ẹ jọ̀ọ́, Màmá, èmi nìkan ni mo ń tọ́ ọ. Ibo ni n óò tún gbé e lọ láàárín ọdún?"

Màmá ní, "Bó bá jẹ́ pé ó bú u ni, èmi ni màá fà á létí lọ síbẹ̀. Ṣùgbọ́n ọgbọ̀n ló sọ, ọgbọ̀n náà sì ni. Ìwọ lo bí i. Bí o bá ní kó kúnlẹ̀, á kúnlẹ̀. Àmọ́ kọ́kọ́ bi í pé kí ló fẹ́ bẹ̀bẹ̀ fún."

Ṣọlá bi í. Ìbùkún wo ojú ìyá rẹ̀, ó ní, "Mọ́mì, tí mo bá kúnlẹ̀, ṣé ó máa wá di ogójì ni?"

Ṣọlá nu ojú rẹ̀. Ó ní, "Dìde ká lọ." Wọn kò bẹ ẹnikẹ́ni. Ìbùkún kúrò nílé ẹ̀kọ́ náà, ó jókòó sílé títí ọdún ẹ̀kọ́ fi parí kí ilé ẹ̀kọ́ ìjọba ní Ìbafò tó gbà á. Ọjọ́ kan náà ni wọ́n ní kí Màmá má wá mọ́. Màmá ní iṣẹ́ kò dun àwọn. Ohun tó dùn wọ́n ni pé lọ́jọ́ tí Ìbùkún lọ, Dádì wọ kíláàsì náà, ó ní kí gbogbo wọn kọ ìṣirò yẹn sínú ìwé wọn, pẹ̀lú ogójì. Wọ́n kọ ọ́. Wọ́n mọ̀ pé irọ́ ni, wọ́n kọ ọ́. Ẹ rò ó wò. Wọ́n fi ọmọ kan lélẹ̀ bí àpẹẹrẹ, wọ́n wá kọ́ ìyókù bí èèyàn ṣe ń fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ irọ́.

Láti ìgbà náà ni Màmá ti gbé bọ́ọ̀dù sí fàráńdà ilé wọn ní Mówè. Gbogbo ọjọ́ Àbámẹ́ta ni àwọn ọmọ ń wá, ariwo àríyànjiyàn wọn sì ń dé òpópónà. Aládùúgbò kan, Alhaji Múdàṣírù, wá bínú pé wọn kò jẹ́ kí òun sùn. Màmá fún un ní àga. Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀lé e, òun ló ń kígbe jù wọ́n lọ.

Ìtọ̀ ṣúgà dá Màmá dùbúlẹ̀ ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2025. Dádì wá kí wọn, ó gbé ọsàn àti ápù wá. Ó jókòó ní etí ibùsùn, ó ní, "Màmá, ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn, ẹ jẹ́ ká gbàgbé ẹ̀. Ọmọdé ni."

Màmá ní, "Ṣé ẹ ti padà sí kíláàsì yẹn?"

"Lọ ṣe kí ni? Wọ́n ti nu bọ́ọ̀dù yẹn tipẹ́."

"Ẹ nu bọ́ọ̀dù. Ta ló nu ti orí àwọn ọmọ?" Wọ́n yíjú sí ògiri. "Ẹ lọ tún un ṣe fún wọn. Wọ́n ti dé ìparí girama, ìdánwò wọn kò jìnnà mọ́. Bí ẹ bá ti tún un ṣe, ẹ padà wá, ká jọ jẹ ápù yìí."

Kò padà wá. Màmá jáde láyé ní ọjọ́ kẹrìnlá oṣù kọkànlá ọdún 2025, lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, lẹ́ni ọdún márùndínláàádọ́rin.

Lọ́sẹ̀ yìí, Dádì rán olùkọ́ méjì wá bá wa. Ó ní òun fẹ́ kí àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ òun tò lọ́wọ̀ọ̀wọ́ síbi àdúrà yìí nínú aṣọ ilé ẹ̀kọ́, kí òun sọ̀rọ̀ nípa Màmá, kí òun sì kéde pé òun yóò fi orúkọ wọn sọ ilé tuntun tí òun ń kọ́. Ìdáhùn wa nìyí, a sì tẹ̀ ẹ́ jáde kó má baà sọ pé àwọn tó rán bu ọ̀rọ̀ wa kù: a kò fẹ́ ilé. Kó wá, a ó fún un ní àga. Bó bá fẹ́ di máíkì mú, "ọgbọ̀n" ni kó kọ́kọ́ ti ẹnu rẹ̀ jáde, kó sì wo ojú Ìbùkún sọ ọ́. Bí ọ̀rọ̀ mìíràn bá ṣáájú rẹ̀, a ó pa máíkì.

Ọ̀kan nínú àwọn olùkọ́ méjì náà kò bá èkejì rẹ̀ lọ. Ṣèyífúnmi lorúkọ rẹ̀, òun ló ń kọ́ ìṣirò níbẹ̀ báyìí. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà bí ẹni tó gbàgbé nǹkan. Bùrẹ́ímọ̀, àbúrò Màmá, ní, "Kí ló kù, bùrọ̀dá?"

Ó ní, "Mo ti tún un ṣe, sà. Lánàá. Mo wọ kíláàsì tó ti di ìparí girama yẹn, mo kọ ọkọ̀ Ṣágámù sójú bọ́ọ̀dù, mo ní kí wọ́n ka wákàtí rẹ̀. Wọ́n dé ọgbọ̀n fúnra wọn. Ọmọkùnrin kan wá nawọ́, ó ní, 'Sà, ìyẹn ni pé Ìbùkún ò ṣe nǹkan kan?'"

Bùrẹ́ímọ̀ ní, "Kí lo sọ fún un?"

"Mo ní kò ṣe nǹkan kan. Mo ní àwa la ṣe é." Ó fọwọ́ ra orí. "Wọ́n ti ní kí n kó ẹrù mi tí n bá jíṣẹ́ yìí tán. Mo wá wò ó bóyá ẹ ṣì nílò ẹni tó máa dúró ní fàráńdà."

Bàbá Mùsáfírù ló dìde lọ bá a. Ọwọ́ òsì tí wọ́n máa ń fi pamọ́ yẹn ni wọ́n nà sí i.

Màmá fi ẹ̀gbọ́n wọn Mùsáfírù sílẹ̀, àti àbúrò wọn Bùrẹ́ímọ̀, pẹ̀lú àwọn ọmọ mẹ́ta: Ayọ̀wálé, Olúwatófúnmi àti Zubair, àwọn ìyàwó ọmọ, ọkọ ọmọ, ọmọ-ọmọ mẹ́fà, àti Ìbùkún tí kì í ṣe ọmọ inú wọn. Ní ọjọ́ Àbámẹ́ta tó ń bọ̀, Ṣèyífúnmi yóò wà ní fàráńdà. Gbogbo ọmọ kíláàsì náà la pè. Ẹ̀yin òbí wọn, bí ẹ bá di wọ́n mú sílé, a ó wá mú wọn.

Àjọkẹ́ ọmọ Ṣàràfá, Ọlọ́hun á fẹ sàréè yín, á tan ìmọ́lẹ̀ sí i, kò ní ṣi iṣẹ́ yín kà. Ẹ fi ìbínú yẹn sílẹ̀ fún wa, kì í ṣe ẹrù tí ẹ máa gbé lọ. Ẹ sùn. Ẹ sùn dáadáa. Wọ́n ti mọ̀ pé ọgbọ̀n ni.